Láti Etí Dé Ojú: Bí A Ṣe Ń So Àwòrán Ìgbì Rédíò Ámátọ̀ Mọ́ Kọ̀ǹpútà Ilé

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó. Ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Ṣùgbọ́n ní ti rédíò ámátọ̀, ìyẹn rédíò tí ènìyàn gba ìwé àṣẹ láti fi bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lójú òfuurufú láìfi ṣòwò, etí nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ṣì fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo bándì mítà 20. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 14.000 MHz, ó parí sí 14.350 MHz, 350 kHz nìyẹn. Ohùn ènìyàn kan lórí SSB, ọ̀nà tí a fi ń gbé ohùn lórí ẹ̀gbẹ́ ìgbì kan ṣoṣo, kì í fẹ̀ ju nǹkan bíi 2.7 kHz lọ. Èyí ni pé nínú ààyè tó lè gba bíi ohùn 130 tí wọ́n bá tò ó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹyọ kan ṣoṣo ni etí ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹni ń ti ihò kọ́kọ́rọ́ wo ọjà alẹ́ ni.

Àwòrán ìgbì, èyí tó ń fi gbogbo sígínà tó wà lórí bándì hàn lẹ́ẹ̀kan náà, ló ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Lókè rẹ̀ ni ìlà kan wà tó ń ga tó ń rẹlẹ̀ bí agbára sígínà kọ̀ọ̀kan ṣe tó. Lábẹ́ ìlà yìí ni òṣòòrò aláwọ̀ kan ń ṣàn wálẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní waterfall, tó ń pa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá tó kọjá mọ́ fún wa. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà kì í dúró di ìgbà tó bá gbọ́ kí ó tó mọ̀. Ìlà tín-ínrín tó ń já tó ń so, Morse ni, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a ń fi àmì kúkúrú àti gígùn sọ. Èyí tó fẹ̀ díẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan gún bí ògiri, SSB ni. Bí ẹ bá lọ sí 14.074 MHz, ẹ ó rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlà kéékèèké tí kò fẹ̀ ju 50 Hz lọ, tí gbogbo wọn jọ ń bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 15 sí ara wọn: FT8 nìyẹn, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rọ̀ kan ni a gbé wá lónìí, gbogbo ìyókù sì so mọ́ ọn: ibi tí ẹ ti fa sígínà ni yóò sọ bóyá òtítọ́ ni àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń yà. Bí odò bá ti dàrú láti orísun, kò sí aṣẹ́ tó lè sọ ọ́ di mímọ́ nísàlẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Ní àwọn ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ Heathkit ní Benton Harbor, ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ń ta HO-13 àti SB-620. Ẹni tó bá rà wọ́n ni yóò to ẹ̀yà wọn pọ̀ fúnra rẹ̀, ojú gíláàsì kékeré bíi ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ló sì ti ń wo ìgbì. Inú rédíò gan-an ni wọ́n ti ń fa sígínà wá sí àpótí náà, ní ipele tí a ń pè ní IF (intermediate frequency). Kọ̀ǹpútà ti gba ipò gíláàsì yẹn lónìí, ṣùgbọ́n fún àwọn rédíò tí kò ní àwòrán tiwọn, IF ṣì ni ibi tó dára jù láti fà á.

Kí ni IF yìí? Sígínà tó bá gba àǹtẹ́nà wọlé kì í dúró lórí fíríkúẹ́ńsì tó gbé wá. Inú míkísà ni rédíò ti máa pò ó mọ́ ìgbì tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe, ohun tó jáde níbẹ̀ á sì wà lórí fíríkúẹ́ńsì kan tí kì í yẹ̀, ibi yòówù tí ẹ bá yí bọ́tìnì sí. Yaesu FT-817 àti FT-857 ń lo 68.33 MHz. FT-950 ń lo 69.45 MHz. Ti Icom IC-718 jẹ́ 64.455 MHz. Elecraft K3 yàtọ̀ ní tirẹ̀, 8.215 MHz ló wà. Ẹ wá nọ́ńbà ti rédíò yín nínú ìwé àtúnṣe rẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun, torí òun ló máa sọ irú ohun tí ẹ máa so mọ́ ọn.

Ẹ fà á lẹ́yìn míkísà àkọ́kọ́, kí ó tó dé inú fílítà kírísítálì tó tẹ̀ lé e. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí: ẹni tó fà á lẹ́yìn fílítà yóò rí òkìtì kékeré kan láàárín, bóyá kò fẹ̀ ju 15 kHz lọ, òkùnkùn yóò sì bo ọ̀tún àti òsì. Á wá máa bú sọ́fítíwíà, nígbà tó jẹ́ pé fílítà ti gé gbogbo ìyókù dànù kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ má ṣe so wáyà gbọọrọ mọ́ ibẹ̀ tààrà o. RG-174, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a sábà ń lò, ní bíi 100 pF nínú mítà kan. Bí ẹ bá gbé ẹrù yẹn lé àbájáde míkísà, fílítà tó wà níwájú yóò ṣìnà, rédíò á sì dití. Ohun tí a ń fi sáàárín ni ampilifáyà kékeré tí kì í fa nǹkan kan lára àyíká náà. Tiransítọ̀ J310 kan, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta ń jẹ́ gate, source àti drain, ti tó. Ẹ fi kapásítọ̀ 4.7 pF gba sígínà láti ibi míkísà wá sí gate rẹ̀. Rèsítọ̀ 1 MΩ á lọ láti gate sí ilẹ̀, rèsítọ̀ 330 Ω á lọ láti source sí ilẹ̀, kapásítọ̀ 10 nF á sì gbé sígínà láti source jáde sórí RG-174. Ẹ fi rèsítọ̀ 100 Ω mú iná 8 V tí rédíò ń lò nínú wá sí drain, kí ẹ sì fi kapásítọ̀ 100 nF so drain mọ́ ilẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ tiransítọ̀ náà gan-an. Ẹrù tí gbogbo èyí gbé lé míkísà kò tó 3 pF. Ẹ óò pàdánù bíi ìdajì fólítéèjì sígínà ní ẹnu ọ̀nà, kò sì burú, torí ẹ̀rọ tó ń gbà á ní ampilifáyà tirẹ̀.

Ampilifáyà yìí ń ṣe iṣẹ́ kejì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò: ó ń dá ariwo inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà dúró kí ó má bàa padà wọnú rédíò. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé òun so ó láìfi nǹkan sáàárín, tó sì ń ṣiṣẹ́, ẹ ní kó yọ wáyà náà kó tún gbọ́ rédíò rẹ̀ dáadáa. Ìyàtọ̀ á hàn.

Ẹ̀rọ tó ń gba sígínà náà fún kọ̀ǹpútà ni dọ́ńgù USB tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún wíwo tẹlifíṣọ̀n, èyí tó ní ṣíìpù RTL2832U. Ọdún 2012 ni òkìkí kàn pé ó lè di rédíò tí kọ̀ǹpútà ń darí. Èyí tó ní R820T nínú, ìyẹn ṣíìpù tó ń yan fíríkúẹ́ńsì, ń gbọ́ láti bíi 24 MHz dé 1,766 MHz, nítorí náà 64, 68 àti 69 MHz rọrùn fún un. Ẹni tó ní K3 ni yóò ní ìṣòro, torí 8.215 MHz wà nísàlẹ̀ ohun tí R820T ń gbọ́; ó nílò dọ́ńgù tó ní ẹ̀rọ agbéfíríkúẹ́ńsì-sókè nínú, tàbí èyí tó ń gba sígínà tààrà láìgba inú R820T.

Lórí Windows, ẹ lo sọ́fítíwíà Zadig láti fi driver WinUSB (sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bá dọ́ńgù sọ̀rọ̀) rọ́pò èyí tí Windows fúnra rẹ̀ fún un. Inú Zadig, ẹ ṣí "List All Devices", kí ẹ sì mú "Bulk-In, Interface 0". Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ṣèèṣì mú orúkọ máòsì tàbí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, òun ló máa di odi lójú ẹsẹ̀. Lórí Linux, module kan wà tó ń jẹ́ dvb_usb_rtl28xxu, tó máa ń gba dọ́ńgù mọ́ra pé tẹlifíṣọ̀n ni. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ blacklist, kí ẹ yọ dọ́ńgù, kí ẹ tún un kì bọ̀ ọ́.

Nínú HDSDR tàbí SDR++, àwọn sọ́fítíwíà tó ń ya àwòrán ìgbì, ẹ fún sọ́fítíwíà ní fíríkúẹ́ńsì IF rédíò yín. Ibí yìí ni ohun kan ti máa ń dẹ́rù ba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ: ẹ yí bọ́tìnì lọ sókè, sígínà tó yẹ kó wà lápá ọ̀tún wá wà lápá òsì. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi FT-857 ṣírò rẹ̀. Bí rédíò bá wà ní 14.200 MHz, ìgbì inú rẹ̀ wà ní 82.530 MHz, torí 82.530 dín 14.200 ni 68.330. Sígínà tó wà ní 14.300 yóò wá bọ́ sí 82.530 dín 14.300, ìyẹn 68.230. Èyí tó ga lóde ti rẹlẹ̀ nínú. Ẹ wá ibi tí sọ́fítíwíà ti lè yí àwòrán padà, tí wọ́n ń kọ "Swap I/Q" tàbí "Invert spectrum" sí, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó parí.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ so wáyà CAT, èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń darí rédíò, kí sọ́fítíwíà lè máa mọ ibi tí rédíò wà, kí ẹ sì lè fi máòsì tẹ sígínà kan kí rédíò fò lọ síbẹ̀. Ní FT-857, ẹ gbé iyára rẹ̀ sí 38400 nínú mẹ́nù. 4800 ló máa ń bá a wá, ó sì lọ́ra púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Stop bit rẹ̀, àmì tó ń parí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ránṣẹ́, jẹ́ méjì. Ẹni tó bá fi sí ẹyọ kan yóò rí i tí rédíò ń dáhùn lónìí, tí kò dáhùn lọ́la. Ẹ rántí pẹ̀lú pé sọ́fítíwíà méjì kò lè ṣí pọ́ọ̀tù COM kan lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìwé àkọsílẹ̀ ìpè yín àti àwòrán ìgbì jọ máa bá rédíò sọ̀rọ̀, Omni-Rig ni kí ẹ fi sáàárín lórí Windows, rigctld lórí Linux.

Dọ́ńgù náà ní àìlera. Bit 8 péré ni ó fi ń ka sígínà, èyí kò sì fún un ju bíi 50 dB (dB ni a fi ń wọn ìyàtọ̀ agbára) láàárín sígínà tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù. Bí ilé-iṣẹ́ rédíò FM tó lágbára bá wà nítòsí, yóò gba ara wáyà yín wọlé, yóò sì kún inú dọ́ńgù títí ẹ ó fi máa rí sígínà níbi tí kò sí ènìyàn kankan. Ẹ pa AGC rẹ̀, èyí tó ń yí gain, ìyẹn ìwọ̀n tó fi ń mú sígínà lágbára, padà fúnra rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti gain tó kéré jù, kí ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ ariwo, ìyẹn ìsàlẹ̀ ìlà náà níbi tí kò sí sígínà, yóò fi gbéra nígbà tí àǹtẹ́nà bá wà lára rédíò, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Ohun tó bá kọjá ibẹ̀, ẹ̀tàn ló ń fi kún un. Dọ́ńgù tó wà nínú ike kò dára fún iṣẹ́ yìí; ẹ wá èyí tó wà nínú páànù, tí kírísítálì rẹ̀ kì í yẹ̀ ju 1 ppm (ìdá kan nínú mílíọ̀nù) lọ. Ní 68.33 MHz, 1 ppm jẹ́ 68 Hz péré, ṣùgbọ́n èyí tó ń yẹ̀ ní 20 ppm á gbé yín ṣìnà ní bíi 1.4 kHz, ìyẹn ìdajì ohùn SSB kan. Láti tún un ṣe, ẹ gbọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò shortwave kan, torí wọ́n máa ń jókòó sórí fíríkúẹ́ńsì tó pé 5 kHz. Ẹ wá yí ppm sọ́fítíwíà títí ìlà àárín rẹ̀ yóò fi bọ́ sójú nọ́ńbà náà gan-an.

Ẹ jẹ́ ká dé orí àwọn rédíò tó ti ní àwòrán tiwọn. Icom IC-7300, tó jáde lọ́dún 2016, ni a máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà. Kò sí pé à ń tú u, kò sí pé à ń fi iná yọ́ lẹ́ẹ̀dì láti lẹ wáyà mọ́ ọn. Wáyà USB kan ló ń gbé ohùn, ìdarí àti dátà àwòrán lọ sí kọ̀ǹpútà. Ẹ fi driver CP210x ti Silicon Labs sórí Windows kí ẹ tó ki wáyà náà bọ̀ ọ́. Lára rédíò, ẹ lọ sí MENU, SET, Connectors, CI-V (èdè tí rédíò Icom fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀). Ẹ fi CI-V USB Port sí "Unlink from [REMOTE]", kí ẹ sì fi CI-V USB Baud Rate sí 115200, kì í ṣe Auto. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yàtọ̀, rédíò á gbà kí ẹ máa yí fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò ní fún yín ní àwòrán. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Sọ́fítíwíà bíi wfview, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, yóò ṣe ìyókù fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọ sọ́fítíwíà tirẹ̀ ní láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀. Àdírẹ́sì rédíò náà, ní nọ́ńbà hexadecimal, ni 94, ti kọ̀ǹpútà ni E0. FE FE 94 E0 27 10 01 FD ló ń tan àwòrán. FE FE 94 E0 27 11 01 FD ló ń ní kí dátà rẹ̀ máa jáde. Bí rédíò bá fi FB dáhùn, ó gbà. Bí ó bá fi FA dáhùn, ó kọ̀, ẹ padà lọ wo sẹ́tínì méjì tí a dárúkọ. Àwòrán kan ní ojú àmì 475, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà láti 0 dé 160. Lórí USB, ìdì 11 ni rédíò ń pín in sí: èyí àkọ́kọ́ ń gbé fíríkúẹ́ńsì àti ìbú, mẹ́wàá tó kù ń gbé ojú àmì, 50 nínú mẹ́sàn-án, 25 nínú èyí tó kẹ́yìn. Nọ́ńbà ìdì náà wá gẹ́gẹ́ bíi BCD, tí wọ́n ń kà bí a ṣe ń ka nọ́ńbà lásán láìlo lẹ́tà, nítorí náà, lẹ́yìn 09 ni 10, kì í ṣe 0A. Ẹni tí kò kíyè sí èyí yóò máa pàdánù ìdì méjì tó kẹ́yìn, apá ọ̀tún àwòrán rẹ̀ á sì ṣófo.

Ẹ fi nọ́ńbà 475 yẹn sọ́kàn. Bí ẹ bá ṣí àwòrán dé 500 kHz ní ọ̀tún àti òsì, 1,000 kHz ni ẹ fẹ́ kó sínú ojú àmì 475, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì gba bíi 2.1 kHz. Odindi ohùn SSB kan lè di ojú àmì kan tàbí méjì. Bí ẹ bá dín in kù sí 25 kHz ní ọ̀tún àti òsì, ojú àmì kọ̀ọ̀kan di bíi 105 Hz, Morse á sì yà sọ́tọ̀ kedere. Bí ojú kọ̀ǹpútà yín bá tilẹ̀ tóbi tó tábìlì, kò lè fún yín ju ohun tí rédíò fi ránṣẹ́ lọ. Ní ti dọ́ńgù, ọwọ́ yín ni èyí wà: ẹ pín iye tó ń kà ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún ìwọ̀n FFT, ìṣírò tó ń sọ sígínà di àwòrán. 2,048,000 lọ́nà 8,192 jẹ́ 250 Hz. 1,024,000 lọ́nà 16,384 jẹ́ 62.5 Hz. Bí ẹ bá sọ FFT di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ ariwo á lọ sílẹ̀ ní 3 dB lójú àwòrán, sígínà tín-ínrín á sì yọ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń yára já, bíi Morse kíákíá, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ pọ̀. Síbẹ̀, IC-7300 ń lo bit 14, nítorí náà sígínà ńlá kì í kó ìdààmú bá a bó ṣe ń bá dọ́ńgù. Bí a bá ní kí a yàn, ẹni tó ní rédíò tó ń fúnni ní dátà tirẹ̀ kò ní ìdí láti tú u.

Ọ̀nà káàdì ohùn náà wà. Rédíò SoftRock àti Elecraft KX3 ń gbé I àti Q, ìyẹn ẹ̀dà méjì sígínà kan náà, jáde lórí wáyà ohùn, ẹ ó sì ki wáyà náà bọ ẹnu ìgbohùn kọ̀ǹpútà. Ìbú tí ẹ máa rí kò lè ju iye tí káàdì ń kà lọ: 96 kHz fún èyí tó ń ka 96,000, 192 kHz fún èyí tó ń ka 192,000. Ẹnu máìkì lára ọ̀pọ̀ laptop kò wúlò, torí ẹyọ kan ló ń gbà, iṣẹ́ yìí sì nílò méjì. Bí agbára I àti ti Q bá yàtọ̀ ní 1% péré, òjìji sígínà kọ̀ọ̀kan á yọ ní òdì kejì ààrin, ní 46 dB nísàlẹ̀ rẹ̀; ìyàtọ̀ ìdíwọ̀n 1° láàárín ìgbì méjèèjì á gbé e dé 41 dB. Sọ́fítíwíà lè tún èyí ṣe. Ìlà gígùn tó dúró ní ààrin gan-an kò ní kúrò, ẹ yí rédíò kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀.

Kí ẹni tó fẹ́ so dọ́ńgù mọ́ àǹtẹ́nà kan náà tí rédíò fi ń sọ̀rọ̀ fetí sílẹ̀ dáadáa. 100 W lórí 50 Ω jẹ́ +50 dBm (dBm ni a fi ń wọn agbára sígínà). Dọ́ńgù kì í fẹ́ ju +10 dBm lọ. Ìgbà kan ṣoṣo tí ẹ bá tẹ máìkì láìsí ààbò, ó ti jóná. Rìléè tó ń já a kúrò kí rédíò tó gbóhùn jáde ni ààbò àkọ́kọ́. Dáyóòdù 1N4148 méjì tí ẹ so sí ìdàkejì ara wọn láàárín ẹnu dọ́ńgù àti ilẹ̀ ni ààbò kejì. Wọ́n ń gé fólítéèjì ní bíi 0.6 V, tó súnmọ́ +6 dBm. Dáyóòdù nìkan kò tó, torí òun náà á jóná bí agbára bá pọ̀ jù. Ẹ tún fi fílítà tó ń dá ilé-iṣẹ́ mídíọ̀mù wéèfù dúró síwájú dọ́ńgù, torí kò sí fílítà inú rédíò tó ń gbà á sílẹ̀ níbẹ̀.

Ó wá ku ariwo ilé fúnra rẹ̀. Ínfátà, ẹ̀rọ tó ń darí sólà, ṣájà laptop àti gílóòbù LED, gbogbo wọn ń ṣe ìgbì. Lójú àwòrán, wọ́n máa ń hàn bí ọ̀wọ́ ìlà tí àlàfo wọn dọ́gba, tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹrù orí iná ṣe ń yí padà. Ẹni tó ń gbé ibi tí iná kì í dúró, tó sì ń fi ínfátà ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́, á ti máa rò pé bándì ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ yí wáyà USB náà ká òrùka ferrite mix 31, tó ń dá ariwo dúró, ní ìgbà márùn-ún sí mẹ́wàá, ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà àti ní ẹ̀gbẹ́ rédíò. Ẹ lo wáyà USB kúkúrú tó ní ìbòrí. Sígínà kan tó dúró ní 28.800 MHz gbáko, kírísítálì dọ́ńgù ni, kò sí ẹni tó ń pè yín níbẹ̀.

Ẹ máa ṣe àyẹ̀wò yìí kí ẹ tó gba àwòrán gbọ́. Ẹ yọ àǹtẹ́nà, kí ẹ fi lóòdù 50 Ω sí ipò rẹ̀. Ilẹ̀ ariwo gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀. Bí kò bá lọ, bóyá gain ti kéré jù tàbí wáyà IF ti já. Gbogbo ìlà tó bá ṣì dúró nígbà tí àǹtẹ́nà kò sí, inú ilé yín ló ti ń wá: ẹ máa pa nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, ínfátà ni kí ẹ kọ́kọ́ pa, kí laptop máa fi bátìrì ṣiṣẹ́, kí ẹ sì máa wo èyí tó bá parẹ́ lójú òṣòòrò náà.